Ìmúrasílẹ̀ fún Ọmọ tí Ó Ń Lọ sí Yunifásítì

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́. Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 1:1–21

Nígbà tí orúkọ àwọn ọmọ bá ti ń jáde, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí a má gbọ́ ìdúpẹ́ nínú ìpàdé wa. Ìyá kan yóò dìde, yóò dá orin, yóò ní ọmọ òun ti wọlé Yunifásítì, gbogbo wa yóò sì bá a jó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ijó náà, a ó lọ sí ọjà, a ó ra fóòmù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọ̀n ẹ̀fọn, gààrí àti ata díndín, títí àpótí yóò fi kún. Mo ti di irú àpótí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta, mo sì mọ ohun tí mo gbàgbé láti fi sínú ti àkọ́kọ́.

Àkọ́bí mi, obìnrin ni. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ó wọlé láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, kò sì tíì sùn sí ilé ẹlòmíràn rí àfi ilé ìyá mi. Lójoojúmọ́ ni mo ń pè é lórí fóònù. Ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni mo ń bi í: Ṣé o ti jẹun? Ṣé o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé o ń kàwé? “Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi” ni ìdáhùn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọdún ẹ̀kọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí n tó gbọ́ pé ó ti fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì mẹ́ta ní sáà àkọ́kọ́, àti pé ó ti tó oṣù méjì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú yàrá mọ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni ó pè mí, kì í ṣe òun. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti rù débi pé mo kọ́kọ́ kọjá lára rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní, “Màámi, ẹ ti sọ fún gbogbo àwọn ìyá ìjọ pé dókítà ni mo máa dà.”

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Òótọ́ ni, mo ti sọ ọ́, mo tilẹ̀ ti ra aṣọ ìdúpẹ́. Ó yí padà sí ẹ̀ka mìíràn lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ó sì parí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ wo ìtàn Dáníẹ́lì tí a kà. Ìlú àjèjì ni wọ́n kó òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lọ, láti kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Káldéà fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n yí orúkọ wọn padà. A sábà máa ń yìn ín nítorí pé kò jẹ oúnjẹ ọba. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ni pé kò dákẹ́ jókòó ti ìṣòro náà. Ó tọ ẹni tí ó wà lókè rẹ̀ lọ, ó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá láti fi dán an wò. Ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n sọ ni.

Ibo ni ọmọ ti ń kọ́ ọ? Nínú ilé ni. Gbogbo wa mọ orúkọ Susanna Wesley. Ó pín àwọn alẹ́ ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó lè bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. John wọlé sí Oxford ní ọdún 1720, ọmọ ọdún 17 ni òun náà. Owó kò tó nílé wọn, ó sì jẹ gbèsè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ara wọn. Ní ọdún 1732, nígbà tí John ti di olùkọ́ ní Oxford, ó ṣì kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé kí ó bá òun wá díẹ̀ nínú àkókò Ọjọ́bọ̀ ìgbà èwe òun.

Nítorí náà, àwọn oṣù tí ọmọ fi ń retí ìgbà tí wọn yóò wọlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣòfò. Ẹ kó owó ọbẹ̀ ilé fún un fún oṣù kan. Kí ó lọ sí ọjà, kí ó ná ọjà, kí ó se oúnjẹ, kí ó sì kọ gbogbo ohun tí ó ná sílẹ̀. Bí owó bá tán ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ má sáré fi kún un. Gààrí àti ẹ̀wà ni kí gbogbo ilé fi parí oṣù náà. (Bàbá ilé lè ráhùn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.) Ọmọ mi kejì ná tirẹ̀ tán ní ọjọ́ kọkànlá, ó fi ra bàtà. Nígbà tí ó dé Yunifásítì, òun ni àwọn ará yàrá rẹ̀ fi ṣe akápò.

Bí owó ilé ẹ̀kọ́ bá ju agbára yín lọ, ẹ̀yáwó NELFUND wà fún àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, lábẹ́ òfin ọdún 2024. Kò ní èlé. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, owó ìjẹun sì ń lọ sínú àkáǹtì ọmọ. Gbèsè ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn. Kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìwé: lẹ́tà ìgbàwọlé ti JAMB, èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ àti fọ́tò pélébé. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn púpọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nílé.

Ẹ jẹ́ kí ó yé ọmọ pé Yunifásítì kò dà bí sẹ́kọ́ńdírì. Kò sí ẹni tí yóò na ẹnikẹ́ni nítorí pé kò wá sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ Yunifásítì wa, ẹni tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú 100 ẹ̀kọ́, wọ́n lè má jẹ́ kí ó jókòó ṣe ìdánwò. Kọ́ọ̀sì tí kò bá forúkọ sílẹ̀ fún lásìkò kò ní máàkì, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n tó. Èyí tí ó bá sì fìdí rẹmi nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní carry-over, yóò tún un ṣe. Ojú ọ̀run kò ya nítorí rẹ̀. Ká ní mo ti sọ gbólóhùn yìí fún àkọ́bí mi kí ó tó kúrò nílé!

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ìkà kì í kọ́kọ́ fara hàn. Inú rere ni ó sábà máa ń bá wá: ẹni tí ń ra oúnjẹ fún ọmọ tuntun, tí ń bá a wá ibùsùn, tí ó sì ní kí ó wá sí àríyá lóru. Kí ọmọ yín tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ àlejò, kí ó mọ̀ pé òun lè pè yín láago méjì òru láti sọ pé ebi ń pa òun. Bákan náà ni olùkọ́ tí ó ń pe ọmọbìnrin sí ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́ nítorí máàkì. Bí ó bá sọ ọ́ fún yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ má jẹ́ irú aṣọ tí ó wọ̀.

Nígbà tí ó kan ọmọ mi kẹta, mo yí ìbéèrè orí fóònù padà. “Kí ni ó le jù lọ́sẹ̀ yìí?” ni mo ń béèrè lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní kò sí. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó sunkún.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni Dáníẹ́lì ṣe kí ó tó kọ oúnjẹ náà? Ta ni ó bá sọ̀rọ̀?

2. Bí ọmọ yín bá pè lálẹ́ òní pé òun ti fìdí rẹmi, kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ lẹ́nu yín? Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa.

3. Ta ni a mọ̀ nínú ìjọ tí ó ń gbé nítòsí Yunifásítì tí àwọn ọmọ wa ń lọ? Kí akọ̀wé kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sílẹ̀ kí ìpàdé tó túká.