Òjé Inú Àbàtà: Ta Ló Gbé E Débẹ̀?

Nígbà tí mo ṣe sẹminá mi, mo fi àwòrán kan han kíláàsì níbi tí òjé ti lọ sókè lójijì, mo sì kéde pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn rèé." Olùkọ́ wa bi mí pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" N kò rí nǹkan sọ. Ìdáhùn tí n kò ní lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wo Étang de la Gruère, àbàtà kan ní òkè Jura, ní Switzerland. Ewéko Sphagnum ló ń hù níbẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ ṣe ń kú, bẹ́ẹ̀ ni ti òkè ń hù lé e. Omi kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, nítorí náà òkú ewéko náà kì í jẹrà tán. Ó ń di peat, ìpele lórí ìpele. Àbàtà náà ga ju omi ilẹ̀ lọ, òjò àti atẹ́gùn nìkan ló ń gbé òjé wá síbẹ̀. Kábọ̀nù-14 la fi ń mọ ọjọ́ orí àwọn ìpele àtijọ́.

Ṣùgbọ́n eruku lásán náà ní òjé nínú. Báwo la ṣe fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀? William Shotyk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé èsì wọn jáde ní 1998, wọn scandium pẹ̀lú òjé. Inú òkúta àti erùpẹ̀ ni scandium ti ń wá. Bí méjèèjì bá jọ gòkè, eruku ni. Bí òjé nìkan bá gòkè, ìléru ni ká fura sí.

Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, méjèèjì jọ gòkè: àwọn àgbẹ̀ ló ń ṣán igbó, tí atẹ́gùn ń gbé erùpẹ̀ oko wọn. Ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, òjé dá gòkè. Ísótòpù òjé náà yí padà. Bí ilà ojú ṣe ń fi ìdílé hàn ni ísótòpù ṣe ń fi orísun òjé hàn. Àwọn tó ń wa kùsà, tí wọ́n ń yọ́ òjé àti fàdákà nínú iná, ló dé yẹn. Àwọn ará Róòmù tún wá fi kún un.

Ọdún 1979 ni òjé pọ̀ jù lọ: 15.7 mílígíráàmù lórí mítà onígun mẹ́rin kan lọ́dún, ìlọ́po 1,570 ti àtètèkọ́ṣe. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n po òjé mọ́ wà lára ohun tó fà á.

Bí olùkọ́ wa bá tún bi mí lónìí, mo ti mọ èsì: "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo scandium ná, sà."