Ìṣẹ́jú Kìn-ín-ní Ọmọ Tuntun: Ẹ̀kọ́ Tí Agbẹ̀bí Kò Gbọdọ̀ Kọ́ Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Igbe ọmọ ni ohùn tí gbogbo ilé máa ń retí nígbà tí obìnrin bá ń rọbí. Bí ọmọ bá ké, ara a tu ìyá, ara a tu agbẹ̀bí, àwọn tí ó dúró sí ìta a sì mọ̀ pé ìyá ti sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ọmọ a jáde, kò ní ké, kò ní mí, ara rẹ̀ a sì rọ̀ bí aṣọ tí a rẹ sínú omi. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ohun tí agbẹ̀bí bá ṣe láàrin ìṣẹ́jú kan lè sọ bóyá a ó sọ ọmọ náà lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, tàbí a ó sin ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, ọmọ bíi mílíọ̀nù 2.3 ni ó kú kí wọ́n tó lo oṣù kan láyé. Àìlèmí nígbà ìbí sì wà lára àwọn ohun pàtàkì tí ó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀. Nínú ọmọ 10 tí a bí, bíi 9 ni yóò mí fúnra wọn. Ẹnì kan tí ó kù ni yóò nílò ìrànlọ́wọ́, ìrànlọ́wọ́ náà kì í sì í ṣòro lọ́pọ̀ ìgbà: kí a nu ún gbẹ, kí a sì fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn. Nínú ọmọ 100, bíi 3 sí 6 ni a ó fi àpò atẹ́gùn ràn lọ́wọ́. Àwọn tí yóò nílò oògùn tàbí ìtọ́jú ńlá kò tó 1 nínú 100. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ni ó ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí là, bí kò ṣe ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, tí kò sì fi falẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ

Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, kì í fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mí. Inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni afẹ́fẹ́ ti ń wá bá a, láti ara ibi ọmọ, gba inú ìwọ́. Omi ni ó kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí a bá ti bí i, omi náà gbọdọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, èémí àkọ́kọ́ ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ìrọbí bá pẹ́ jù, tàbí bí nǹkan bá fún ìwọ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ a dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, agbára láti mí èémí àkọ́kọ́ a sì tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì ń lù. Ó jọ òkú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkú. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fẹ́.

Ìlànà tí a fi ń ràn án lọ́wọ́ nìyí. Bí ọmọ bá ti jáde, agbẹ̀bí a fi aṣọ gbígbẹ tí ó mọ́ nu gbogbo ara rẹ̀, a sì mú aṣọ tí ó ti tutù kúrò, kí òtútù má baà mú un. Bí kò bá ké, a fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn. Bí nǹkan bá dí i ní ẹnu àti imú, a fà á jáde, ti ẹnu ṣáájú ti imú. Bí ọmọ kò bá tíì mí síbẹ̀, agbẹ̀bí a gé ìwọ́, a gbé ọmọ sí ibi tí ó tẹ́jú, a sì tún orí rẹ̀ ṣe kí ọ̀nà ọ̀fun lè là. Nígbà náà ni yóò mú àpò atẹ́gùn. Àpò rọ́bà ni èyí, tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, tí ó ní ìbòmú rírọ̀ tí ó ń bo ẹnu àti imú ọmọ pinpin. Bíi 40 ìgbà ni a ń tẹ̀ ẹ́ láàrin ìṣẹ́jú kan, a ó sì máa wò ó bóyá àyà ọmọ ń gbé sókè. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí gbọdọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kìn-ín-ní tó pé, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní Ìṣẹ́jú Wúrà. Gbígbá ọmọ ní ìdí, dídorí rẹ̀ kodò àti dída omi tútù sí i lára kò sí nínú ìlànà yìí. Wọ́n ń fi àkókò ṣòfò, wọ́n sì lè pa ọmọ lára.

Bí a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera

Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àjọ mìíràn, gbé ẹ̀kọ́ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Helping Babies Breathe, ìyẹn ni ríran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti mí. Àwọn ibi tí dókítà kò pọ̀ sí, tí agbẹ̀bí kan ṣoṣo ti lè máa tọ́jú ìyá àti ọmọ pọ̀, ni a ṣe é fún.

Ọmọláńgidi ni ohun èlò tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú ẹ̀kọ́ náà. A ń rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi lítà 2 sínú rẹ̀, yóò sì wúwo bí ọmọ tuntun gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni ó ń lo ọmọláńgidi kan. Ọ̀kan nínú wọn a ṣe agbẹ̀bí. Èkejì a máa tẹ àwọn rọ́bà kéékèèké tí ó wà lára ọmọláńgidi náà, èyí tí yóò mú kí ó ké, kí àyà rẹ̀ gbé sókè, tàbí kí ìwọ́ rẹ̀ máa lù. Lẹ́yìn èyí wọn a pààrọ̀ ipò. Olùkọ́ kan kò gbọdọ̀ ní ju akẹ́kọ̀ọ́ 6 lọ, kí ojú rẹ̀ lè tó ọwọ́ olúkúlùkù wọn. Ní ìparí, a ó dán wọn wò nípa ìmọ̀ àti nípa iṣẹ́ ọwọ́.

Kí a tó gbé ẹ̀kọ́ náà jáde fún gbogbo ayé, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ilé ìwòsàn 8 ní orílẹ̀-èdè Tànsáníà láti ọdún 2009. Ìròhìn tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 sọ pé iye ọmọ tí ó ń kú láàrin wákàtí 24 lẹ́yìn ìbí dín kù ní ìdá 47 nínú 100 níbẹ̀. Iye ọmọ tí a ń kà sí òkú lójú ẹsẹ̀ tí a bí wọn pẹ̀lú dín kù ní ìdá 24 nínú 100. Ìyẹn ni pé nínú àwọn ọmọ tí à bá ti pè ní òkú tẹ́lẹ̀, a rí àwọn tí ó ṣì wà láàyè.

Ohun tí a rí ní Haydom

Ìlú kékeré ni Haydom, ní àríwá Tànsáníà. Ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì ará Nọ́wè dá sílẹ̀ ní ọdún 1955 wà níbẹ̀. Láti ọdún 2009, a yan àwọn ènìyàn tí ń wo bí a ti ń gbẹ̀bí níbẹ̀, tọ̀sán tòru, tí wọ́n sì ń kọ àkókò ohun gbogbo sílẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ wọn ni a ti rí i pé, láàrin àwọn ọmọ tí ó nílò àpò atẹ́gùn, ewu ikú tàbí pípẹ́ ní ilé ìwòsàn ń fi nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 pọ̀ sí i fún gbogbo ìdajì ìṣẹ́jú tí a bá fi falẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, a kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ yìí fún ọjọ́ kan. Ní oṣù méje lẹ́yìn náà, a dán wọn wò lórí ọmọláńgidi, wọ́n sì ṣe dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ àkọsílẹ̀ iyàrá ìgbẹ̀bí wò, a rí i pé ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ gidi kò yí padà. Ẹ̀kọ́ náà ti wọ orí, ó ti dé ara ọmọláńgidi, ṣùgbọ́n kò tíì dé orí ibùsùn ìyá.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Iyàrá ẹ̀kọ́ dákẹ́, ọ̀sán ni, ẹ̀rù kò sì ba ẹnikẹ́ni. Iyàrá ìgbẹ̀bí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òru, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára ìyá, agbẹ̀bí sì lè dá wà. Ní àfikún, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í wá lójoojúmọ́. Bí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan bá ń gba ọmọ 10 lóṣù, tí ọmọ 5 nínú 100 bá sì nílò àpò atẹ́gùn, nǹkan bí oṣù méjì ni yóò máa kọjá kí a tó rí ẹyọ kan. Ẹni tí ó kọ́ ìlù ní ọjọ́ kan, tí kò sì fi ọwọ́ kan kọ̀ǹgọ́ mọ́ fún oṣù méjì, kò lè lù ú kí alárìnjó jó sí i.

Àwọn ará Haydom kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, wọn kò sì pa ẹ̀kọ́ náà tì. Láti oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n gbé ọmọláńgidi sí iyàrá ìgbẹ̀bí. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi í dánra wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 péré, wọn a sì tún ẹ̀kọ́ náà ṣe fún ìṣẹ́jú 40 lóṣooṣù. Láàrin ọdún kan, àwọn ọmọ tí a fi ọwọ́ ra pọ̀ sí i láti 14.5 sí 16.3 nínú 100, àwọn tí a ní láti fi àpò atẹ́gùn ràn lọ́wọ́ sì dín kù láti 7.3 sí 5.9 nínú 100. Nínú ọmọ 1,000, àwọn 11.1 ni ó ń kú tẹ́lẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Ó wá di 7.2. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí

Èkíní, ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òpin. Ẹni tí ó bá ṣètò ẹ̀kọ́ gbọdọ̀ ṣètò bí a ó ti máa tún un ṣe.

Èkejì, ọmọláńgidi tí a tì mọ́ inú àpótí ní ọ́fíìsì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìtòsí ibi tí a ti ń gbẹ̀bí ni àyè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a yan ẹnì kan láàrin àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn tí yóò máa pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Bí a bá ń dúró de àlejò láti ìlú ńlá, oṣù a máa gorí oṣù.

Ẹ̀kẹrin, kí a tó gbẹ̀bí ẹnikẹ́ni, kí àpò atẹ́gùn àti ìbòmú ti wà ní tòsí, kí a ti fọ̀ wọ́n, kí a sì ti tẹ̀ ẹ́ wò pé kò jò. Àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá.

Ẹ̀karùn-ún, kí a máa ka àwọn ọmọ tí a bí, àwọn tí kò mí àti àwọn tí ó kú, kí a sì máa kọ wọ́n sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ni ó sọ òtítọ́ fún àwọn ará Haydom nígbà tí ìdánwò ń yìn wọ́n.

Àwọn ará ìlú náà ní ipa tiwọn. Kí aboyún lọ bímọ níbi tí òṣìṣẹ́ tí ó ti kọ́ṣẹ́ wà, kí ó sì tètè lọ. Kò burú bí ọkọ tàbí ìyá ọkọ bá fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé àpò atẹ́gùn ọmọ wà níhìn-ín?” Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá sì ń bójú tó ilé ìwòsàn kan, ó yẹ kí ó mọ ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dánra wò kẹ́yìn.

Ìbéèrè fún àwọn tí ó péjọ sí ilé ìkàwé

1. Kí ni ó yẹ kí agbẹ̀bí ti ṣe kí ìṣẹ́jú kìn-ín-ní tó pé bí ọmọ kò bá ké?
2. Èéṣe tí dídorí ọmọ kodò àti dída omi tútù sí i lára kò fi ràn án lọ́wọ́?
3. Kí ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ Haydom, kí sì ni kò lè ṣe?
4. Ta ni ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín, nípa ìgbà tí wọ́n dánra wò kẹ́yìn?