Ẹ̀kọ́ Keje: Igba Ojú Ń Wo Ọ̀dọ́, Etí Ta Ni Ó Ń Gbọ́ Tirẹ̀?

Kíkà: Lúùkù 2:41-52, Máàkù 6:1-6
Àkọ́sórí: Jákọ́bù 1:19. Kí olúkúlùkù há a sórí kí ó tó wá sí kíláàsì.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Àwọn baba wa máa ń wí pé ojú mẹ́rin ni í bí ọmọ, igba ojú ni í wò ó. Ìwọ ọ̀dọ́ tí o wà láàárín ọdún 13 sí 19, bí ó bá jẹ́ àdúgbò tí onílé àti ayálégbé ti mọ ara wọn ni o ń gbé, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti túmọ̀ òwe yìí fún ọ. Bí o bá jáde lọ ra búrẹ́dì ní ìkángun òpópónà, kí o tó padà dé, ìyá tí ń dín àkàrà ti rí ọ, bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì tí ń gba atẹ́gùn lójúdé ti rí ọ, díákónì ìjọ pẹ̀lú ti yọ orí láti inú ọkọ̀ rẹ̀ láti bi ọ́ pé ilé ńkọ́. Bí ẹ bá jẹ́ méjì nígbà tí o ń bọ̀, wọ́n ti rí ẹnì kejì náà. Irú ìgbé-ayé yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé: oore tí ó wà nínú rẹ̀, àti ibi tí ó ti lè pa ọ̀dọ́ lára.

LÁTI AGBO ILÉ DÉ ÒPÓPÓNÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi Sùúrùlérè ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1928, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jà ní Èkó, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní L.E.D.B., láti tún ìlú ṣe. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ yìí gbé ètò kalẹ̀ láti wó àwọn ilé tí ó há mọ́ ara wọn ní àárín Erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tí ó tó éékà 70. Wọ́n kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè ní òdìkejì omi, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ síbẹ̀.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ti wá, inú agbo ilé ni ọmọ ti ń dàgbà. Ìyá àgbà wà ní yàrá kan, ẹ̀gbọ́n bàbá wà ní òmíràn. Bí ìyá ọmọ bá lọ sí ọjà, ilé kò ṣófo. Ní ibùgbé tuntun, olúkúlùkù ìdílé ń dá gbé. Owó ilé ń bẹ láti san lóṣooṣù, owó ọkọ̀ sì ń bẹ láti wá kí a tó lè lọ kí ará ilé. Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá àwọn ìdílé wọ̀nyí sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1961 lórí ohun tí ó rí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹbí ti fọ́n ká, ìbẹ̀wò sì ti dínkù.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í pẹ́ ní ibìkan kí ó má di ará ibẹ̀. Àwọn tí ọmọ wọn jọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń jókòó ní ilé ìsìn kan náà, tí wọ́n jọ ń yá ara wọn ní odó àti ọlọ, ni wọ́n di ìyá àti bàbá fún ọmọ ara wọn. Nígbà tí wọ́n fi ṣí Pápá Ìṣeré ńlá ti ìjọba níbẹ̀ ní ọdún 1972, tí àwọn eléré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà sì wá díje ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1973, ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Sùúrùlérè ti ní àdúgbò tí ó lè pè ní tirẹ̀. (Orúkọ àdúgbò náà bá ọ̀rọ̀ mu. Sùúrù ni a fi ń sọ òpópónà di ilé.)

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wò. Ojú tètè pé igba ní òpópónà tuntun. Etí kò tètè pé. Ní agbo ilé, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò lè sọ lójú bàbá rẹ̀, yàrá ìyá àgbà ni yóò gbé e lọ ní alẹ́, bí ó bá lọ sùn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà a gbọ́ ọ, a bá a wí, yóò sì mọ bí yóò ti sọ ọ́ fún bàbá lọ́nà tí ilé kò fi ní dàrú. Ní òpópónà, gbogbo fèrèsé ni ó ní ojú, ṣùgbọ́n yàrá ìyá àgbà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí ń ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ nìyí ní gbogbo àdúgbò tí ó jọ Sùúrùlérè, títí di òní olónìí.

ỌMỌ TÍ WỌ́N WÁ KIRI LÁÀÁRÍN ARÁ ILÉ

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Lúùkù orí 2. Násárẹ́tì jẹ́ ìletò kékeré. Ìdílé tí ó wà níbẹ̀ kò ní pọ̀ tó èyí tí àwa ń rí ní òpópónà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tí Jésù di ọmọ ọdún 12, àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí àjọ Ìrékọjá ní Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí wọ́n ń padà, wọ́n rin ìrìn odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí lẹ́yìn wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n rò pé ó wà láàárín ẹgbẹ́ èrò.

Ẹ má ṣe tètè dá Jósẹ́fù àti Màríà lẹ́bi. Wọn kì í ṣe aláìbìkítà. Wọ́n fọkàn tán àwọn ará ilé àti ojúlùmọ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí ará ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máa rò pé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣe lè wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i ní tẹ́ḿpìlì, níbi tí ó jókòó sí láàárín àwọn olùkọ́, tí ó ń gbọ́ wọn tí ó sì ń bi wọ́n léèrè.

Ohun mẹ́ta ni ó wú mi lórí níbẹ̀. Àwọn àgbà tẹ́ḿpìlì kò lé ọmọ ọdún 12 lọ síbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n jẹ́ kí ó béèrè, wọ́n sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Èkejì, ìbéèrè ni Màríà fi ṣáájú. Ó sọ ìbànújẹ́ tí ó bá òun àti Jósẹ́fù, ó sì bi ọmọ náà léèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó jinlẹ̀ jùlọ wà ní ẹsẹ 50 àti 51: ìdáhùn ọmọ náà kò yé wọn, síbẹ̀ ìyá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú ọkàn rẹ̀. Kò gbé e lọ sí ìdí kànga Násárẹ́tì. Mélòó nínú àwa òbí ni ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò yé wa, kí a má gbé e tọ ẹnikẹ́ni lọ kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka ẹsẹ 51 náà dópin. Ọmọ náà bá wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Násárẹ́tì, ó sì ń tẹríba fún wọn.

NÍGBÀ TÍ ÀDÚGBÒ BÁ MỌ ÈNÌYÀN JÙ

Máàkù orí 6 fi apá kejì hàn wá. Àwọn ará Násárẹ́tì mọ iṣẹ́ ọwọ́ Jésù, wọ́n mọ ìyá rẹ̀, wọ́n lè ka orúkọ àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mímọ̀ yìí gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tí ó dúró níwájú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò ṣe lè fún ọmọ ọdún 14 ní orúkọ kan, kí ó sì máa jẹ́ orúkọ náà títí yóò fi hu ewú.

Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún 16, tí wọ́n rí ní ibùdókọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tí ó ń bá ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀. Kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ ti dé etí ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn kan wò ó tìka-tẹ̀gbin, àwọn kan gbàdúrà fún un láìpe orúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè. Ó fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìsìn sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí kò ní ipò kankan nínú ìjọ ni ó pè é ní ọjọ́ kan pé kí ó wá bá òun ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán kí ọmọ náà tó la ẹnu. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, owó ìdánwò WAEC kò sì tíì sí. Ọmọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ọmọbìnrin yìí ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí òun náà lè rí iṣẹ́ ṣe. Gbogbo ojú tí ó wà ní ibùdókọ̀ ni ó rí wọn, kò sì sí èyí tí ó rí owó ìdánwò.

Lóde òní tí fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé-tàgbà, àwòrán ọmọ náà ìbá ti wà lórí WhatsApp àdúgbò kí ó tó dé ilé.

ÌWỌ Ọ̀DỌ́ ŃKỌ́?

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń ṣe. Ẹ ti rí ọkọ̀ tí ń gbé yín lọ sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ yín. Ẹ ti ní ìwà kan fún òpópónà tiyín, ẹ ní òmíràn fún ibẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu; ojú tí ó pọ̀ a máa rẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n níbi tí kò sí ojú kankan, bí nǹkan bá ṣe ọ́, ta ni yóò sáré lọ pe ìyá rẹ?

Dípò èyí, wá etí kan. Nínú igba ojú yẹn, ó kéré tán ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó lè gbọ́ tìrẹ. Wò ó bóyá ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún ọ. Bí ó bá ń sọ ọ́, yóò sọ tìrẹ náà. Kíyè sára pẹ̀lú: àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ ọ tán, tí ó wá ń kìlọ̀ pé ìyá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́ sí ohun tí ó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, sá fún un, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ ìjọ. Sọ fún ìyá rẹ ní ọjọ́ náà gan-an.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ó mú kí Jósẹ́fù àti Màríà rìn fún odidi ọjọ́ kan láìmọ̀ pé ọmọ kò sí?
2. Èwo ni ó ṣòro jù fún ọ̀dọ́ ní àdúgbò yín: kí àwọn àgbà má rí i ni, tàbí kí wọ́n má gbọ́ tirẹ̀? Kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ dáhùn, kí àwọn àgbà dákẹ́ títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀ tán.
3. Ọ̀dọ́ wo ni kò wá sí ìsìn mọ́ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta? Ẹ má ṣe jíròrò ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ẹnì kan lọ sí ilé wọn lọ́sẹ̀ yìí.