Kọ́bọ̀ Àtijọ́

Bí a bá tú àpótí àwọn àgbà oníṣòwò ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, a lè rí kọ́bọ̀ àtijọ́ tí ó ní ihò láàárín. Láti inú orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà ni a ti mú orúkọ rẹ̀. Funfun ni tẹ́lẹ̀. Ní 1952 ni a bẹ̀rẹ̀ sí rọ èyí tí ó pọ́n. Náírà gba ipò rẹ̀ ní 1973.

Ẹni tí ó bá ń kó o jọ kò gbọdọ̀ fi iyanrìn bó o kí ó lè dán. Àwọn tí ń kó owó bàbà tí Amẹ́ríkà rọ ní 1793 jọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọdún tí ó wà lára owó bá pa rẹ́, ìtàn rẹ̀ bá a lọ.