Ìbúra àti Òtítọ́: Ǹjẹ́ Ẹ̀sìn Nìkan Ni Ó Ń Dá Ìlú Dúró?

Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé kóòtù, kí ẹlẹ́rìí tó la ẹnu, a ó bi í léèrè ohun tí yóò fi búra. Onígbàgbọ́ a mú Bíbélì, Mùsùlùmí a mú Kùránì, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a sì fi irin kan ẹnu ní orúkọ Ògún. Adájọ́ kò rí inú ènìyàn, nítorí náà ni a ṣe ń pe ẹni tí ó rí i wá sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ńkọ́? Ǹjẹ́ a lè bá irú rẹ̀ gbé ìlú?

John Locke, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, dáhùn ní 1689 pé kò ṣeé ṣe, nítorí pé ìlérí àti ìbúra kò lè di irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú. Pierre Bayle ará Faransé ti sọ òdìkejì rẹ̀ ní 1682: ó ní òfin, ìyìn àti ìtìjú ni ó ń darí ìwà ọ̀pọ̀ ènìyàn ju ohun tí wọ́n gbà gbọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sínú ìwé. Ní 1880 àwọn ará Northampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan Charles Bradlaugh sí ilé aṣòfin. Ọkùnrin yìí ti kéde pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ kí òun ṣe ìlérí dípò ìbúra. Wọ́n kọ̀. Nígbà tí ó ní òun yóò búra náà, wọ́n tún kọ̀, wọ́n ní ìbúra rẹ̀ kò jámọ́ nǹkan. Wọ́n tilẹ̀ tì í mọ́lé. Àwọn ará ìlú rẹ̀ sì ń yàn án padà léraléra, títí ó fi wọlé ní 1886. Ní 1888 ni òfin gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàyè láti ṣe ìlérí òtítọ́ láìbúra. Ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tìtorí èyí wó. Kí olùjọ́sìn sì kíyè sí i pé kí Bradlaugh tó dé, òfin ti yọ̀ǹda irú ìlérí yìí fún àwọn Quaker, Onígbàgbọ́ tí wọ́n di àṣẹ Jésù nínú Mátíù orí 5 mú ṣinṣin.

Nílé wa, ẹ wo ààlè. Àgbẹ̀ a so àkísà tàbí ìkarahun ìgbín mọ́ ohun ìní rẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn a to iṣu sẹ́bàá ọ̀nà, a fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye rẹ̀, ẹni tí ó bá rà á a sì fi owó síbẹ̀. Àwọn kan ní ìbẹ̀rù òrìṣà nìkan ni ó ń ṣọ́ iṣu náà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀ tán. Ẹ gbé ààlè kan náà lọ sí Ìdúmọ̀tà kí ẹ wò ó! Ẹni tí ń kọjá lẹ́bàá oko mọ olóko, ó mọ bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí a bá mú òun, ìtìjú náà yóò bá ọmọ òun dé ilé ọkọ.

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀sìn nìkan tó, kí ó rántí Rwanda ní 1994. Onígbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ibẹ̀, síbẹ̀ a pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú ilé ìjọsìn gan-an, ní Nyamata àti Ntarama. Ẹni tí ó bá sì ní ẹ̀sìn kò wúlò, kí ó má ṣe yára fi Sweden yangàn. Lóòótọ́, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ nísinsìnyí, ìlú wọn sì tòrò. Ṣùgbọ́n òfin ìjọ ti 1686 ni ó pàṣẹ kí gbogbo ènìyàn kọ́ ìwé kíkà, kí wọ́n lè mọ kátíkísímù. Ẹ̀kọ́ tí a fi ọ̀pọ̀ ìran gbìn kì í tètè kú nínú ilé.

Ní ti ẹjọ́ ilẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà 5 sílẹ̀ ní 1976 tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìdílé wà níbẹ̀, ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀, lílo ilẹ̀ pẹ́ wà níbẹ̀, àti níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà. Kò sí ìbúra nínú wọn.