Ẹ̀sọ̀ Là ń Fi Mú Trout Ńlá Nígbà Òtútù

Yorùbá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú, koko ní í le. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀ mú ẹja trout aláwọ̀ búráùn ńlá ní odò White, ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà, láàárín December sí February, kó mú òwe yìí dání kó tó mú ọ̀pá.

Dáàmù Bull Shoals, tí wọ́n parí ní 1951, ló sọ odò náà di ilé trout. Láti ìsàlẹ̀ adágún ni omi ti ń gba inú ẹ̀rọ amúnáwá jáde, kì í sì í gbóná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òtútù, ara ẹja a máa tutù bá omi, oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀, eré kì í sì í wù ú sá. Àwọn ńlá a lọ lúgọ sísàlẹ̀ níbi tí omi ti jìn tí kò sì yára, wọn a máa retí ohun tí omi bá gbé dé iwájú ẹnu wọn.

Nítorí náà, ẹ má fi ìdẹ lé ẹja kiri. Ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń wé ìwọ̀ náà kó lè jọ kòkòrò, èyí tó sì yẹ nígbà yìí kì í ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹ so òjé kékeré mọ́ okùn kó lè sún mọ́ ilẹ̀ odò, kí ẹ sì jẹ́ kó bá omi rìn. Bí okùn bá fà á yára ju omi lọ, trout ti mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ẹ jù ú sí ojú kan náà léraléra kí ẹ tó sún ẹsẹ̀ kan síwájú. Kò sì sí ìdí láti jí lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí yìnyín ń dí àwọn òrùka ara ọ̀pá; ọ̀sán ló dára jù.

Ìwọ̀ kékeré la ń lò, àfi ìgbà tí ẹja shad bá ń kú o. Òtútù líle a máa pa ẹja kékeré yìí lọ́pọ̀ yanturu nínú adágún, ẹ̀rọ á sì fà wọ́n gba inú dáàmù. Trout tó ti lúgọ á jáde wá jẹ. Ẹ wá lo ìdẹ funfun tó gùn tó ìka ọwọ́, kí ẹ má sì fà á rárá, nítorí òkú kì í lúwẹ̀ẹ́.

Ní odò Little Red, ní Arkansas yìí kan náà, apẹja kan tó ń jẹ́ Rip Collins mú trout búráùn kan ní May 1992 tó lé ní kílò 18. Okùn tó lò kò lè gbé kílò 2. Ta ló lè fipá fi irú okùn bẹ́ẹ̀ fa ẹja?

Odò kì í kún bo ẹja lójú; èèyàn ló ń bò. Bí iná bá di dandan fún ìlú, wọn á ṣí ẹ̀rọ, odò á sì kún lójijì. Ẹ fojú sí òkúta kan létí omi; bí omi bá ti ń gùn ún, tàbí tí fèrè dáàmù bá dún, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ di bẹ́líìtì mọ́ ṣòkòtò rọ́bà tí ẹ wọ̀ wọnú odò pinpin. Ẹni tó bá ṣubú sínú omi yẹn á kọ́kọ́ máa mí gúlegúle, láàárín bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìka rẹ̀ á kú tìpìrì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá lọ, kí aṣọ gbígbẹ sì wà nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá mú ẹja, ẹ kọ́kọ́ fi omi rẹ ọwọ́ yín kí ẹ tó dì í mú, ẹ má sì gbé e pẹ́ sínú afẹ́fẹ́ dídì. Níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ bá ti mọ́ ju ti àyíká rẹ̀ lọ, abo ló fi ìrù gbá a láti yé ẹyin sí. Ẹ yà fún un, kódà bí trout ńlá bá dúró lórí rẹ̀ tí ẹ̀ ń rí i kedere. Ìyẹn kọ́ ni kí ẹ sọ ìwọ̀ sí.