Jẹ́ẹ̀lì tó ń fa omi kúrò lára purotéènì: èrè ibẹ̀ àti àdánù ibẹ̀

Ẹni tó ń ta purotéènì kò fẹ́ máa ru omi kiri. Ṣùgbọ́n omi ló máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, yálà omi sóyà ni tàbí omi tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wàrà. Bó bá gbé e kaná kí omi lè gbẹ, ewu mìíràn tún dé. Ẹ wo bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú epo gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń ba ọ̀pọ̀ purotéènì jẹ́.

Ní 1987, Freitas àti Edward Cussler, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí jẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láìsí iná ńlá. Èyí tí wọ́n ń pè ní poly(N-isopropylacrylamide) ló gbajúmọ̀ jù nínú irú jẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Nínú òtútù, ó ń mu omi, ó sì ń wú bíi gàrí. Gàrí kì í dá omi padà o, ṣùgbọ́n jẹ́ẹ̀lì yìí ń dá a padà: bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 32 Celsius, tí kò tó ooru ara èèyàn, yóò súnkì, omi yóò sì tú jáde.

Àwọn àlàfo inú rẹ̀ kéré. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà lè wọlé, ṣùgbọ́n purotéènì tóbi jù, ìta ló máa wà. Wọ́n á da hóró jẹ́ẹ̀lì sínú omi purotéènì tútù, wọ́n á jẹ́ kó mu yó, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Èyí tó jò gba inú asẹ́ ti ki. Wọ́n á wá mú jẹ́ẹ̀lì náà gbóná díẹ̀ kó lè dá omi sílẹ̀, kí wọ́n tún un lò.

Ní ti ìnáwó, agbára tó ń mú kí lítà omi kan tó ti ń hó gbẹ tán ju ìlọ́po 30 èyí tó ń gbé e láti ìwọ̀n 20 dé 35 lọ.

Ibi tí owó ti ń jò kò hàn síta. Ká ní kílò 1 purotéènì wà nínú 100 lítà, tí jẹ́ẹ̀lì sì mu 75. Ó ku 25 lítà, ó sì ti ki ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí lítà 5 nínú rẹ̀ bá há sáàárín hóró jẹ́ẹ̀lì, 200 gíráàmù ti lọ nìyẹn, ìdá kan nínú márùn-ún ọjà. Bí wọ́n bá fi omi ṣan án kúrò, omi tí wọ́n ti lé lọ tún padà wá. Èyí gan-an ló yẹ kí olówó kọ́kọ́ bèèrè, kó tó bèèrè iye epo.

Ní 1989, wọ́n dán an wò lórí sóyà. Síbẹ̀, asẹ́ tó ní ihò tín-ín-tìn-ín, tí wọ́n ń fi agbára ti omi gbà kọjá, ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wàrà ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dí, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́.